Láti Emporia dé Ọ̀rẹ̀: Ìtàn Ìbéèrè Aláṣàyàn nínú Ìdánwò Àkàyé

Ìfáàrà

Àkàyé ni orúkọ tí àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá fi ń pe iṣẹ́ kíka àyọkà kan àti dídáhùn ìbéèrè lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà sọ iṣẹ́ náà tán: kí a kà á, kí ó sì yé ni. Síbẹ̀, kò sí olùkọ́ kan ní Ọ̀rẹ̀ tàbí ní Odigbo tí kò tíì rí akẹ́kọ̀ọ́ tí àyọkà yé, tí ó lè fi ẹnu ara rẹ̀ tún un sọ láìṣìnà, ṣùgbọ́n tí ó pàdánù máàkì lórí rẹ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ti ń yọ̀ kì í ṣe inú àyọkà. Ó ti wo ìdáhùn mẹ́rin, ó ti ti méjì tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wá ku méjì tí ó jọ ara wọn bí ìbejì. Èyí tí ó mú nínú méjèèjì ni kì í ṣe èyí tí olùṣètò ìbéèrè ní lọ́kàn.

Iṣẹ́ yìí tọpa ìtàn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní ọ̀bújẹ́ẹ̀tífù, láti orírun rẹ̀ títí dé ojú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ń ṣe ìdánwò JAMB. Ohun tí ìtàn náà fi hàn kò fi bẹ́ẹ̀ hàn sí ojú lásán. Wọ́n dá ìbéèrè aláṣàyàn sílẹ̀ kí èrò ọkàn olùkọ́ má baà wọ inú máàkì mọ́. Èrò ọkàn olùkọ́ kò kúrò níbẹ̀; ààyè rẹ̀ ni ó yí padà. Tẹ́lẹ̀ rí, ìgbà tí a bá ń yẹ ìwé ìdánwò wò ni ó máa ń ṣiṣẹ́. Nísinsìnyí, ìgbà tí a bá ń kọ ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ ni. Olùkọ́ tí kò mọ èyí lè máa bá akẹ́kọ̀ọ́ wí fún ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹlòmíràn dá.

Ìbéèrè àti ìdáhùn kí lẹ́tà mẹ́rin tó dé

Ó pẹ́ tí Yorùbá ti ń fi ìbéèrè dán ọgbọ́n ọmọ wò. Àlọ́ àpamọ̀ ni ẹ̀rí tí ó súnmọ́ ni jù. Ẹni tí ó pa àlọ́ kì í ka ìdáhùn mẹ́rin sílẹ̀ fún ẹni tí yóò já a. Ìdáhùn ti wà ní ọkàn àwùjọ. Bí ọmọ kò bá mọ̀ ọ́n, wọn yóò sọ ọ́ fún un, òun náà yóò sì máa fi dán ẹlòmíràn wò. Ibi tí Yorùbá ti ń gbé ohun méjì kalẹ̀ pé kí a mú ọ̀kan ni ìdí Ifá. Ẹni tí ó wá ṣe àyẹ̀wò yóò di ìbò mọ́wọ́, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì, babaláwo yóò sì dá ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ipò àwọn odù tí ó bá jáde ni yóò sọ ọwọ́ tí a ó ṣí. Ẹni tí ó di ìbò mọ́wọ́ kò ronú yan nǹkan kan. Ifá ni ó yàn fún un. Ó yẹ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdáhùn méjì kù sílẹ̀ fún ń ṣe bí ẹni tí ó di ìbò mọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò sí babaláwo nínú gbọ̀ngàn ìdánwò.

Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìwé kíkà túmọ̀ sí kíkà sókè ketekete. Katikísímù ní ìbéèrè, ó sì ní ìdáhùn tí ọmọ gbọ́dọ̀ há sórí. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ girama gbilẹ̀, ìdánwò Yunifásítì Cambridge ni ó gbòde. Wọ́n á fún akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á ní kí ó fi gbólóhùn ara rẹ̀ dáhùn ìbéèrè, kí ó sì ké àyọkà náà kúrú. Ìwé ìdáhùn á wá wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹni tí kò rí ilẹ̀ Yorùbá rí lè fún un ní máàkì. Kò sí ìdáhùn tí ó jọra nínú irú ìdánwò yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń ṣẹ̀dá ìdáhùn. Ẹni tí ó ń yẹ̀ ẹ́ wò ni ó ń pinnu bí ó ṣe súnmọ́ òtítọ́ tó.

Ìjábọ̀ tí George Barker Jeffery kọ ní ọdún 1950 ni ó dábàá pé kí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní àjọ ìdánwò tirẹ̀. Ní ọdún 1952 ni àjọ náà, WAEC, fìdí múlẹ̀ fún Nàìjíríà, Gold Coast tí ó di Ghana, Sierra Leone àti Gambia. Liberia dara pọ̀ mọ́ wọn ní ọdún 1974. Kò pẹ́ sí ìgbà tí wọ́n dá WAEC sílẹ̀ ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955. Iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè náà jẹ́ nǹkan bí 457,000 ní ọdún 1954. Ní ọdún 1955 ó ti lé ní 811,000. Odigbo àti Ọ̀rẹ̀ wà nínú agbègbè yìí nígbà náà, ṣáájú kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní ọdún 1976. Bí àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ń dàgbà ni wọ́n ń dé iwájú àwọn olùdánwò, wọ́n sì ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Olùkọ́ mélòó ni yóò ka ìwé àlàyé wọn tán, tí òdiwọ̀n ẹni àkọ́kọ́ kò fi ní yàtọ̀ sí ti ẹni ìkẹyìn?

Emporia ní Kansas

Ìbéèrè yìí kan náà ti gba ọkàn olùkọ́ kan ní Amẹ́ríkà ní ogójì ọdún ṣáájú. Ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tí ó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ mọ̀ pé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni wọ́n ti dá ìbéèrè aláṣàyàn sílẹ̀, àti pé kíkà ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi dán wò. Frederick J. Kelly ń ṣiṣẹ́ ní Kansas State Normal School ní ìlú Emporia, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́. Ní ọdún 1914 ni ìwádìí rẹ̀ jáde lórí bí máàkì àwọn olùkọ́ ṣe ń yàtọ̀ síra wọn: ìwé kan náà, olùkọ́ méjì, máàkì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní ọdún 1915 ó gbé ìdánwò kan jáde fún kíkà sínú, tí akẹ́kọ̀ọ́ kò ní kọ gbólóhùn kan nínú rẹ̀. Kí ó fa ìlà yí ọ̀rọ̀ kan po, ó parí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ìwé ìdáhùn lọ́wọ́ lè fún un ní máàkì, àárín olùkọ́ méjì kò sì ní dàrú.

Ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè Kelly ka orúkọ ẹranko mẹ́rin sílẹ̀, màlúù, ẹkùn, eku àti ìkookò, ó ní kí ọmọ fa ìlà yí èyí tí ó wúlò ní oko po. Màlúù ni ìdáhùn rẹ̀. Ní Kansas, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ àgbẹ̀ kan láti abúlé Odigbo bá bá ìbéèrè yìí pàdé, tí bàbá rẹ̀ dẹ pàkúté sí etí oko kòkó, tí òkété sì máa ń wọ ọbẹ̀ wọn, ta ni yóò sọ fún un pé eku kò wúlò ní oko? Màlúù ni kò sí ní oko bàbá rẹ̀. Bí ó bá sì dé ibẹ̀, ìjà ni ó máa ń dá sílẹ̀. Kò sí ohun tí ó ṣe Kelly. Ó kọ ìbéèrè fún àwọn ọmọ tí ó mọ̀. Àmọ́ ìbéèrè náà fi hàn láti ọjọ́ kìíní pé ìdáhùn kan ṣoṣo tí kò ní àríyànjiyàn máa ń gbé ìlú kan àti ìgbé ayé kan lẹ́yìn rẹ̀. Ohun mìíràn tún wà: ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jìnnà síra. Kò sí ẹni tí yóò dúró láàárín màlúù àti ẹkùn kí ó máa ronú.

Edward Thorndike ni ó tan ìmọ́lẹ̀ sí ìdí tí àwọn ìdáhùn kan fi ń fa ọmọ mọ́ra ju èkejì lọ. Nínú ìwádìí tí ó gbé jáde ní ọdún 1917, ó fún àwọn ọmọ ní àyọkà kúkúrú nípa òfin lílọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní ìlú kan tí ó ń jẹ́ Franklin, ó sì bi wọ́n pé kí ni àyọkà náà dá lé. Àwọn kan dáhùn pé Franklin. Orúkọ ìlú náà ló kọ́kọ́ wọ ojú wọn, òun náà ló sì gba gbogbo ọkàn wọn. Thorndike ní kíkà dà bí ìrònú: ẹni tí ó ń kàwé gbọ́dọ̀ fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tí ó tọ́ sí i. Bí ọ̀rọ̀ kan bá wúwo jù ní ọkàn rẹ̀, tí òmíràn sì fúyẹ́ jù, àṣìṣe ti dé. Láti ìgbà náà ni àwọn olùṣètò ìbéèrè ti ní ohun tí wọ́n lè fi kọ ìdáhùn ẹ̀tàn: kí wọ́n mú ọ̀rọ̀ tí ó wúwo nínú àyọkà, kí wọ́n fi í sínú ìdáhùn tí kò tọ̀nà.

Ọdún 1917 yìí kan náà ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gba ìbéèrè aláṣàyàn wọlé, tí ó lé ní mílíọ̀nù kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ẹgbẹ̀rún ènìyàn sì ṣe ìdánwò wọn. Ní ìparí àwọn ọdún 1930, ilé-iṣẹ́ IBM gbé ẹ̀rọ kan jáde tí ó lè ka àmì pẹ́ńsù lórí ìwé ìdáhùn. Ọwọ́ ènìyàn ti kúrò nínú fífún ni ní máàkì pátápátá.

Bí ó ṣe wọ ilẹ̀ Nàìjíríà

Ẹ̀yìn òmìnira ni ó wọlé dáadáa. Pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ owó láti Amẹ́ríkà ni WAEC fi dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1960 fún ṣíṣe ìbéèrè àti ìwádìí lórí ìdánwò. Ọ̀mọ̀wé Paul A. Schwarz, ará Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ ìpìlẹ̀ lórí ìdánwò irú èyí ní Nàìjíríà, ìwé rẹ̀ lórí ìdánwò fún àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ń gòkè bọ̀ sì jáde ní ọdún 1961. Ohun tí ó tẹnumọ́ ṣì tọ́ sí àkíyèsí àwọn olùkọ́. Ó ní a kò gbọdọ̀ kàn gbé irú ìdánwò yìí síwájú ẹni tí kò rí i rí. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, pẹ̀lú àpẹẹrẹ àti ìdánrawò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àìmọ bí a ṣe ń dáhùn ni a ó máa wọ̀n, tí a ó sì máa pè é ní àìlọ́gbọ́n.

Láti ìgbà náà ni ó ti ń tàn kálẹ̀. JAMB tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1978 fi ìbéèrè aláṣàyàn nìkan ṣe ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì. WAEC ṣe ìdánwò àṣekágbá ètò 6-3-3-4 fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọdún 1988. NECO dé ní ọdún 1999. JAMB bẹ̀rẹ̀ sí í lo kọ̀ǹpútà ní ọdún 2013, ó sì fi ìwé àti pẹ́ńsù sílẹ̀ pátápátá ní ọdún 2015. WAEC náà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún 2024 fún àwọn tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́.

Ìṣirò kékeré kan yóò fi ìdí tí àwọn ìdáhùn fi ń jọra hàn. Ìdánwò JAMB lórí ìlò èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ìbéèrè 60, ìdáhùn mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹni tí kò kàwé rárá, tí ó kàn ń fọwọ́ tẹ lẹ́tà, lè ṣalábàápàdé nǹkan bí 15. Bí ìdáhùn bá jẹ́ márùn-ún, gẹ́gẹ́ bí NECO ṣe ń ṣe é, á di 12. Ṣùgbọ́n bí méjì nínú mẹ́rin bá jẹ́ irọ́ tí ọmọdé lè mọ̀, ẹni tí ó di ìbò mọ́wọ́ á gba 30. Ìdí nìyí tí olùṣètò ìbéèrè fi ń wá ìdáhùn ẹ̀tàn tí ó súnmọ́ òtítọ́. Ìdáhùn ẹ̀tàn tí ẹnì kan kò mú ti kú. Kò ṣiṣẹ́ kankan lórí ìwé. Nítorí náà ni WAEC ṣe máa ń gbé ìbéèrè rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan dán wò kí ó tó lò ó. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ tí ìdánwò yóò wáyé lọ́la ni òmíràn ń kọ ìbéèrè tirẹ̀.

Àyọkà kan lórí Ọ̀rẹ̀

Kí ọ̀rọ̀ yìí má baà jẹ́ ti òkèèrè nìkan, ó dára kí a fi àyọkà kan tí ó kan ilé yẹ̀ ẹ́ wò. Ìtàn inú rẹ̀ jẹ́ òtítọ́:

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra gba orí afárá Odò Ọya kọjá sí Asaba, wọ́n sì gba Ìlú Bìní ní ọjọ́ kan náà. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti kọrí sí ìwọ̀-oòrùn. Ọ̀nà Èkó gba Ọ̀rẹ̀ kọjá, Ọ̀rẹ̀ náà sì ni ọ̀nà ti yà sí Oǹdó àti sí Òkìtìpupa. Ogun dé Ọ̀rẹ̀, kò sì kọjá ibẹ̀. Kí oṣù Kẹsàn-án tó parí, àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti gba Ìlú Bìní padà.

Ìbéèrè: Kí ni kókó àyọkà yìí? (A) Bí ogun abẹ́lé Nàìjíríà ṣe lọ. (B) Bí ogun Biafra ṣe rìn dé Ọ̀rẹ̀ àti bí kò ṣe lè kọjá ibẹ̀. (D) Ìgboyà àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀rẹ̀. (E) Ọjọ́ tí wọ́n gba Ìlú Bìní.

A gbòòrò jù. Ogun náà kò parí títí di oṣù Kìíní ọdún 1970, àyọkà kò sì dé ibẹ̀. E há jù. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó bá a mu. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lè ti méjèèjì tì láìpẹ́. B àti D ni iṣẹ́ wà nínú wọn. Ọmọ tí a bí sí Ọ̀rẹ̀ ti gbọ́ ìtàn ìjà náà ní ẹnu àwọn àgbà. Ó mọ̀ pé orúkọ ìlú òun ti di ohun tí Yorùbá fi ń júwe ìjà tí ó le. Ọ̀rọ̀ ìgboyà yóò wù ú. Ó sì lè jẹ́ òtítọ́. Ṣùgbọ́n àyọkà kò sọ ohun kan nípa ìgboyà ẹnikẹ́ni. Kò tilẹ̀ sọ ẹni tí ó dá ogun náà dúró ní Ọ̀rẹ̀. Ọmọ tí ó mú D kò kùnà nítorí pé kò mọ̀. Ohun tí ó mọ̀ láti ilé ni ó kà sínú ìwé.

Irú èyí tún fara hàn bí wọ́n bá béèrè ohun tí a lè fà yọ nípa Ọ̀rẹ̀ láti inú àyọkà náà, tí ìdáhùn méjì sì jẹ́ pé Ọ̀rẹ̀ jẹ́ oríta ọ̀nà, àti pé Ọ̀rẹ̀ ni ibùjókòó Ìjọba Ìbílẹ̀ Odigbo. Òtítọ́ ni méjèèjì. Ìkejì ni gbogbo ọmọ ìlú mọ̀ láìkàwé, àní ó wà lára ògiri sẹkitéríàtì. Ìkíní nìkan ni àyọkà sọ. Nígbà tí olùkọ́ bá kọ irú ìdáhùn méjì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ó yẹ kí ó mọ̀ pé òun ti fi ìmọ̀ ọmọ ṣe ìdẹkùn fún ọmọ. Ó lè tọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé mímọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí ìwé sọ àti ohun tí a mọ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́ tí ó níye lórí. Ṣùgbọ́n orí ìbéèrè gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kedere: “gẹ́gẹ́ bí àyọkà yìí ti sọ”. Bí ọ̀rọ̀ yìí kò bá sí níbẹ̀, ọmọ tí ó mú ìkejì kò jẹ̀bi.

Nínú ìwé Yorùbá, a, b, d, e ni wọ́n fi ń ka nǹkan lẹ́sẹẹsẹ, nítorí pé kò sí c nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá. Ìwé ìdáhùn tí ẹ̀rọ ń kà kò mọ èyí. C wà níbẹ̀. Ọmọ tí ó ti fi D ṣe ìdáhùn kẹta ní kíláàsì lè fi ìka tẹ ìkẹrin ní gbọ̀ngàn. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n máàkì ni.

Ọ̀rọ̀ kéékèèké àti ẹ̀ka-èdè

Nínú èdè Yorùbá, ìyàtọ̀ láàárín ìdáhùn méjì tí ó jọra kì í sábà wà nínú ọ̀rọ̀ ńlá. “Kò lọ”, “kò tíì lọ” àti “kì í lọ” kì í ṣe ọ̀kan náà: ìkíní sọ pé lílọ kò wáyé, ìkejì fi ààyè sílẹ̀ pé ó lè wáyé, ìkẹta sọ pé kì í ṣe àṣà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni “lè” àti “yóò”, “nìkan” àti “náà”, “gbogbo” àti “ọ̀pọ̀”. Bí wọ́n bá sọ pé Ọ̀rẹ̀ ni ogun dúró sí, “ni” yẹn ti yọ gbogbo ìlú mìíràn kúrò. Bí wọ́n bá sọ pé ogun dúró ní Ọ̀rẹ̀, kò tíì yọ ibì kankan kúrò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń fi ojú wá ọ̀rọ̀ tí ó mọ̀ nínú àyọkà yóò fò gbogbo ìwọ̀nyí dá. Bí wọ́n bá sì tẹ ìbéèrè láìsí àmì ohùn, ìyà náà á di méjì, nítorí pé ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ á di ọ̀kan náà lójú ìwé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí àwọn olùkọ́ agbègbè yìí ṣọ́ra fún ju ti ibòmíràn lọ: “wọ́n”. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, “wọ́n” lè jẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì lè jẹ́ àgbà kan ṣoṣo tí a bọ̀wọ̀ fún. Kí a wo gbólóhùn yìí: Bàbá àgbà pe àwọn ọmọ jọ. Wọ́n ní ilẹ̀ oko náà kì í ṣe títà. Bí ìbéèrè bá ní ta ni ó sọ pé ilẹ̀ kì í ṣe títà, tí “bàbá àgbà” àti “àwọn ọmọ” sì wà lára àwọn ìdáhùn, ọmọ Ọ̀yọ́ yóò mú bàbá àgbà láìronú lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ẹ̀ka-èdè gúúsù ìlà-oòrùn Yorùbá, tí ti Oǹdó, Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ wà lára wọn, kò ní àṣà fífi ọ̀rọ̀ arọ́pò ọlọ́pọ̀ bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan ní ìpìlẹ̀. Ọ̀rọ̀ arọ́pò kan náà ni wọ́n sì ń lò fún “ẹ” àti “wọ́n” ti Yorùbá àjùmọ̀lò. Ọmọ tí ó gbọ́ irú èdè yìí dàgbà ní Odigbo lè mú “àwọn ọmọ”, kí ó sì ní ìdí gidi tí ó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Fi kún un pé Ọ̀rẹ̀ jẹ́ ìlú oríta: ọmọ Ìgbò, ọmọ Ẹdó, ọmọ Ẹ̀bìrà àti ọmọ Haúsá lè wà nínú kíláàsì kan náà, kí Yorùbá sì jẹ́ èdè kejì tàbí ìkẹta fún wọn. Ìbéèrè tí ó dúró lórí “wọ́n” nìkan kò dán kíkà wò ní irú kíláàsì bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n ti tọ́ ọmọ ni ó ń wò.

Ọ̀rọ̀ èdè yìí tún ti di ọ̀rọ̀ ìjọba. Ní ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Ọ̀mọ̀wé Túnjí Alausa, kéde pé wọ́n ti pa á tì, ó sì tọ́ka sí ìjákulẹ̀ nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB. Ìwádìí tí ó pẹ́ jù tí ilẹ̀ Yorùbá ní lórí ọ̀rọ̀ yìí kò gbè é lẹ́yìn. Láti ọdún 1970 títí di ọdún 1978 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, bẹ̀rẹ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò gbẹ́yìn lẹ́yìn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n yí sí èdè Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọ̀nà. Wọ́n ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ó rọrùn láti lóye. Wíwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké wò, kí a mọ̀ pé “kò tíì” kì í ṣe “kò”, jẹ́ ohun tí ọmọ máa ń kọ́kọ́ mọ̀ nínú èdè tí ó ń gbọ́ dáadáa. Ẹni tí kò kọ́ ọ níbẹ̀ ni ó ṣòro fún láti rí i láàárín ìdáhùn B àti C nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Ọwọ́ tí ó kọ ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin

Lọ́jà, ìwé ìbéèrè àtijọ́ pọ̀ tí ó ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ọgbọ́n àrékérekè: kí wọ́n mú ìdáhùn tí ó gùn jù, kí wọ́n yẹra fún èyí tí ó ní “gbogbo”, kí wọ́n mú C bí ọkàn bá pín. Irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ lè ṣiṣẹ́ lórí ìbéèrè tí wọ́n fi ìkánjú kọ, nítorí pé olùkọ́ tí kò fara balẹ̀ máa ń jẹ́ kí ìdáhùn gan-an gùn ju ìyókù lọ. Kò sí ohun tí ó lè ṣe fún ọmọ tí ó bá ìbéèrè tí wọ́n ti dán wò pàdé.

Ohun tí ó ṣeé ṣe ní kíláàsì kò gba owó. Nígbà tí ọmọ bá mú ìdáhùn kan, kí olùkọ́ má béèrè ìdí tí ó fi mú un nìkan. Kí ó béèrè ìdí tí ó fi kọ èkejì tí ó jọ ọ́, kí ọmọ sì fi ìka tọ́ka sí ọ̀rọ̀ náà gan-an nínú àyọkà. Bí kò bá rí ọ̀rọ̀ kankan tọ́ka sí, ó di ìbò mọ́wọ́ ni. Bí ó bá sì tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan tí ó gbe ìdáhùn olùkọ́ lẹ́yìn díẹ̀, tí ó sì gbe tirẹ̀ náà lẹ́yìn díẹ̀, ìbéèrè náà ni kí wọ́n yọ kúrò nínú ìwé. Fún àwọn tí ó wà ní kíláàsì àgbà, kí wọ́n fún wọn ní àyọkà pẹ̀lú orí ìbéèrè àti ìdáhùn kan tí ó tọ̀nà, kí wọ́n sì ní kí wọ́n kọ ìdáhùn ẹ̀tàn mẹ́ta: ọ̀kan tí ó gbòòrò jù, ọ̀kan tí ó há jù, ọ̀kan tí ó jẹ́ òtítọ́ ṣùgbọ́n tí kò sí nínú àyọkà. Kí kíláàsì mìíràn wá dáhùn rẹ̀. Ìdáhùn ẹ̀tàn tí ẹnì kan kò mú, kí ẹni tí ó kọ ọ́ tún un kọ.

Akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ tí wọ́n bá rán lọ sí Ọ̀rẹ̀ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ lè bẹ̀rẹ̀ láti orí àyọkà ogun ọdún 1967 yẹn, nítorí pé àwọn ọmọ yóò jiyàn lórí rẹ̀. Wọn yóò ní àwọn mọ̀ jù ohun tí ó wà nínú ìwé lọ, bàbá àwọn sọ fún àwọn. Kí ó jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Lẹ́yìn náà kí ó kọ ohun tí wọ́n sọ sí apá kan pátákó, kí ó sì kọ ohun tí àyọkà sọ sí apá kejì, kí ó tó ka ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde fún wọn.